Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbádé àti Ìwé Tí Kò Kà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fìdí balẹ̀, nítorí kí a tó dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, orúkọ náà kò sì kúrú. Olóyè Alàgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè Ajíbádé, Ọ̀gá Pátápátá Ilé Ìwádìí Àrùn Awọ Ara ní Adó-Èkìtì, Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Akọrin, Ìmọ́lẹ̀ Ìṣègùn Ilẹ̀ Èkìtì, Òpó Ìmọ̀, Àgbà Olùwádìí Tí Ayé Ń Wárí Fún. Mo ti fo mẹ́sàn-án níbẹ̀. Bí ẹ bá bá a pàdé, ẹ má sọ fún un pé èmi ni.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìwádìí náà á tò láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Mọ́tò Ọ̀jọ̀gbọ́n á rọra wọlé, awakọ̀ á ṣílẹ̀kùn, baba á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á sì pariwo pé, "Ìmọ́lẹ̀ ti dé!" Òun náà á dáhùn pé, "Mo ti dé lóòótọ́," bí ẹni pé ẹnì kan bá a jiyàn. Pamílẹ́rìn, akọ̀wé rẹ̀, á gba báàgì. Mẹ́sẹ́ńjà kan á gba fìlà. Mẹ́sẹ́ńjà kejì kò ní nǹkan kan tí yóò gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, torí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni méjì kéré sí ènìyàn ńlá.

Dókítà Sẹ̀gilọlá Ọmọ́túndé kì í sí lórí ìlà yẹn. Kì í ṣe pé ó ní àfojúdi o. Yàrá àyẹ̀wò ló máa ń wà láti aago méje. Ọmọ Adó ni, bàbá rẹ̀ ṣe tíṣà, ìyá rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì, òun sì jogún sùúrù lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó ha awọ ara aláìsàn díẹ̀, kó wá ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu rí, kó sì fi ẹ̀rọ ka àbùdá rẹ̀, ìyẹn ohun tí Ẹlẹ́dàá kọ sínú gbogbo ohun abẹ̀mí pé báyìí ni kó rí, báyìí ni kó sì máa ṣe. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé oúnjẹ ọ̀sán máa ń tutù sílẹ̀ dè é.

Òfin méjì ló wà ní Ilé Ìwádìí náà tí wọn kò kọ síbì kankan. Èkínní ni pé ìwé yòówù tí a bá kọ sí Ọ̀gá, oyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé sókè ìwé náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bíírò pupa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ka oyè, á máa fi àmì sí i níkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá pé, á dá ìwé padà. Bí ó bá pé, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ." Kò sẹ́ni tó rí i rí kí ojú rẹ̀ kọjá orí oyè dé orí ọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́dẹ kọ̀wé sí i pé olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ lóru àná. Èsì tó gbà ni pé, "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ."

Òfin kejì ni pé ìwádìí yòówù tó bá jáde láti Ilé náà, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bó ṣe kó ìwé mẹ́tàlélógóje jọ nìyẹn. Ó kọ nípa ẹ̀tẹ̀, ó kọ nípa irun orí, ó kọ nípa èékánná. Ó tilẹ̀ kọ ọ̀kan nípa ìpẹ́ ẹja, lọ́dún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀sìn ẹja ṣèèṣì wá yá ẹ̀rọ wọn lò. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba òwe yìí gbọ́ ju àwọn tó kọ́kọ́ pa á lọ.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn, ohun kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó wọ yàrá àyẹ̀wò, ó gbé ẹ̀wù funfun wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rìnlá, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Lẹ́yìn fọ́tò, ó da òrí, káfúrà àti òògùn alágbára kan tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì pọ̀ sínú abọ́, ó rò ó, ó sì sọ ọ́ ní Ìpara Ajíbádé, òpin làpálàpá ní ilẹ̀ Èkìtì. Fọ́tò ọjọ́ náà ló wà lórí ọmọrí ike rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in, torí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ni pé kí ojú òun wà nínú gbogbo ilé. Ó sì wà níbẹ̀, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké tó yí Adó ká.

Ní Ìgèdè ni Sẹ̀gilọlá ti bá Màmá Èyítáyọ̀ pàdé. Gààrí ni màmá náà ń din. Ọjọ́ tí wọ́n pàdé, ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú ooru ọ̀sán gangan.

"Ọmọ mi," ló wí, pẹ̀lú ohùn Ìgèdè tí kì í fara pamọ́, "ùpara Baba ọ̀ún dára o. Ijọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ara mi tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo jókòó nínú ulé, mo ń kọrin. Ìgbà tó dijọ́ kẹwàá, ó padà wá. Mo tún fi pa á, ó tún lọ. Ìgbà tó tún padà, ó kó gbogbo ẹbí rẹ̀ dání."

Ó ká ìborùn náà sókè. Làpálàpá tó yẹ kó rí roboto kò rí roboto mọ́, ó ti fọ́n ká láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, awọ ibẹ̀ sì ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Sẹ̀gilọlá kàn fi ìka kàn án ni, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

"Usẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi," ni màmá náà wí. "N ò lè dúró ti iná mọ́."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dá ìpara náà dúró?"

"Há! Baba tó wà lórí ike ọ̀ún ń wò mí. Mo rò pé èmi ni n ò fi tó."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Sẹ̀gilọlá wọnú egungun. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà sí Adó, inú ń bí i, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ nù nínú méjèèjì.

Ó fi oṣù mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Ó ha awọ ara igba ó lé méjìlá èèyàn. Ó rí i pé irú olú kéékèèké tó ń hù lára tó sì ń fa làpálàpá ti yí àbùdá rẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé apá òògùn tí gbogbo ayé mọ̀ kò ká a mọ́. Ó tún rí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ìpara Ajíbádé ń kun àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, àwọn tó ń bá àrùn jà, lóorun. Ìyún á dáwọ́ dúró, aláìsàn á máa dúpẹ́, olú náà á sì máa jẹun nìṣó láìsí ẹni tí yóò lé e.

Ó kọ mẹ́mò sí Ọ̀gá pé kí wọ́n dá pípín ìpara náà dúró kíá. Oyè dín kan, wọ́n dá a padà. Ó tún un kọ. Oyè pé. "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ." Ó kọ ẹ̀kẹta, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ÌPARA YÌÍ Ń BA AWỌ ÈÈYÀN JẸ́ sí àárín ìwé. "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ." Wọ́n sì bá a lọ lóòótọ́. Páálí ogójì ló tún lọ sí Ìyìn lọ́sẹ̀ náà.

Ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n to fọ́tò ara rẹ̀ mẹ́rin sórí tábìlì, ó ń yan èyí tí wọn yóò gbé kọ́ sí ẹnu géètì.

"Sà, ọ̀rọ̀ ìpara yẹn ni mo bá wá. Awọ ara àwọn èèyàn ń bó."

"Awọ tó bá ń bó, awọ tuntun ló ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èwo lo rí i pé ọlá hàn jù nínú ìwọ̀nyí?"

"Sà, ní Ìgèdè..."

"Dókítà Ọmọ́túndé!" Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fọ́tò kẹta sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níwájú mi yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i. Àwọn tó pa òwe náà kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀gá ilé ìwádìí awọ ara yóò fi ṣe ìdí tí kò fi ní wo làpálàpá.

Nígbà tí ẹnu ọ̀nà ilé kò ṣí, Sẹ̀gilọlá gba ìta lọ. Ó kọ ìwádìí náà tán, ó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìmọ̀ ìṣègùn kan lókè òkun, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jọ́nà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé pé wọ́n gbà á, pé iṣẹ́ náà ta yọ. Kò tíì kà á tán tí Pamílẹ́rìn fi kan ilẹ̀kùn pé Ọ̀gá ń pè é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde dúró láti kí i, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. "Dókítà! Mo gbọ́ pé jọ́nà ńlá yẹn ti gba ìwé wa."

"Ìwé wa, sà?"

"Ìwé mi, tí o bá fẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an." Ó na ìwé pélébé kan sí i. Orúkọ tí yóò wà lórí ìwádìí náà ló wà níbẹ̀, bí wọn yóò ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló tẹ̀ lé e. Olúwarótìmí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe lọ́yà ní Ìbàdàn, ló ṣìkẹta. Awakọ̀ ṣìkẹrin, òun nìkan sì ni ibẹ̀ tọ́ sí díẹ̀ lára wọn, torí òun kúkú gbé mọ́tò dé Ìgèdè. Sẹ̀gilọlá ló kẹ́yìn.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà ná."

"Ta ni ó ní oko tó tún ń ka ebè?"

"Ó sọ̀rọ̀ nípa ìpara yín, sà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀! Kí ni ì bá tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?"

"Kò sọ rere nípa rẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín bí àgbà ṣe ń rín sí ọmọdé. "Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ìwé ìwádìí gidi kì í yin ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe máa ń kọ ọ́."

Sẹ̀gilọlá wọ ilé ìyàgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé olùwádìí kì í fẹ́ kí orúkọ òun ṣáájú. Oṣù mẹ́wàá ló fi ṣe é, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá Ọ̀gá jà, ìwé kò ní jáde, torí Ọ̀gá náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Orúkọ òun ni àbí ọwọ́ Màmá Èyítáyọ̀? Ó fọ ojú rẹ̀, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó to orúkọ náà bí baba ṣe fẹ́, ó sì fi ránṣẹ́.

Ìwé jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ibi tí orúkọ òun parí sí, ìyẹn ọ̀rọ̀ méjì, ó sì kéde ìdúpẹ́.

Ẹ mọ̀ wá ní Èkìtì. A ń dúpẹ́ ilé, a ń dúpẹ́ mọ́tò, a ń dúpẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó bá yege ìdánwò kò ní sùn ká tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò burú. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kì í ṣe kí òun kàn jó lọ síwájú kí òun sì jó padà. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, kí wọ́n sì kà á fún ìjọ látòkè délẹ̀, kí àwọn tí kò kàwé lè mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá gbé. Ó ní kí àwọn akọrin máa ṣe àmín sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó àwọn tí ìpara òun ti wò sàn wá láti Ìyìn àti Ìgèdè, kí oníkálukú mú ike tirẹ̀ dání, kí wọ́n jókòó síwájú. Àwọn ilé ìwòsàn wá ẹni tó sàn, wọn kò rí. Wọ́n bá kó ẹni tó ń lò ó.

Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ló túmọ̀ ìwé náà. Ọmọ Ìyìn ni, ó ti fẹ̀yìntì, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ aráyé ní Yorùbá, kò sì fo ọ̀rọ̀ kan rí láyé rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ìbánikẹ́dùn níbi ìsìnkú. Ó kà á dé ibi tí wọ́n kọ "Ẹ má ka apá tó kàn yìí síta" sí, ó ka ìyẹn síta, ó sì ka apá tó kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, òun àti Sẹ̀gilọlá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti parí o," ni Tíṣà wí. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Àmọ́ ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó..."

"Ṣé ẹ fo nǹkan kan?"

"Ká má rí i!"

"Ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má fo ìlà kan."

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀. "Sà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á kí a tó jáde."

"Lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Ṣé ẹni tó bímọ ló ń béèrè bí ojú ọmọ ṣe rí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó jáde. Ẹ má wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé Sẹ̀gilọlá dẹ pàkúté fún un. Mo bá a kà á, ìgbà kẹfà nìyẹn tó ń sọ ọ́.

Tíṣà gun orí pèpéle, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì la ohùn.

"Èmi Ọlálérè Ajíbádé, àti àwọn tó ràn mí lọ́wọ́, yẹ awọ ara igba ó lé méjìlá èèyàn wò ní agbègbè yìí."

"Àmín!" ni àwọn akọrin wí.

"A rí i pé làpálàpá ti yí padà, apá òògùn tí a mọ̀ kò sì ká a mọ́."

"Àmín!" Èyí kò ròkè tó ti àkọ́kọ́.

"A yẹ ìpara kan wò tí wọ́n ń pín káàkiri, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìpara Ajíbádé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó ju ọwọ́ sí apá ọ̀tún, ó ju ọwọ́ sí apá òsì. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà dúró dè wọ́n kí wọ́n parí, torí gbólóhùn náà kò tíì tán.

"Òun gan-an ni olórí ohun tó ń bọ́ àrùn náà."

Akọrin kan tó ti ń tòògbé ló dá ṣe àmín tirẹ̀, ó fà á gùn, ó sì dùn létí. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì wà lókè.

Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Ó ń kun àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lóorun. Ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nínú igba ó lé méjìlá tó ń lò ó, ọgọ́jọ ni àrùn wọn burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A dámọ̀ràn pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láìfi falẹ̀, kí ìjọba sì bi ẹni tó pò ó pé ìmọ̀ wo ló fi pò ó." Ó ṣí ojú ìwé. "Ibí ni ó parí sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálérè Ajíbádé ló kọ ọ́."

Màmá Èyítáyọ̀ dìde nínú àwọn ará Ìgèdè. Kò pariwo. "Baba, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́? Ẹ mọ̀ pé ó ń bà mí lára jẹ́, ẹ wá ní kí n máa fi pa?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá rántí sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù rò pé orin ló lè gba baba là nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó bá kọlu orin ìdáwó. Àwọn ará Ìgèdè àti Ìyìn dìde gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe, wọ́n tò lọ síwájú níkọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì ju ike ìpara tirẹ̀ sínú agbọ̀n ọrẹ. Agbọ̀n kún, ó ń dà sílẹ̀, gbogbo ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nínú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òkè àjà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ fi jókòó. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì ló ṣe alága rẹ̀, Ìyáàfin Olúyẹ́misí, obìnrin pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ti ní kí wọ́n dá pípín ìpara dúró títí ìgbìmọ̀ yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún méjì ike ṣì wà ní yàrá ìkẹ́rù, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ níjọba.

Lẹ́nu ọ̀nà, Pamílẹ́rìn fa Sẹ̀gilọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn jọ́nà. Wọ́n ti gbọ́ wàhálà wa. Wọ́n ní bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú bá sọ pé òun kọ́ lòun kọ ọ́, àwọn yóò fa ìwé náà yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọ̀gá sì ti ń sọ ọ́ pé bí ìwé kò bá sí, ẹjọ́ kò sí, kí wọ́n máa pín ìpara lọ."

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kó tó tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún méjì ni. Èèyàn mélòó ni wọn yóò ti bó láwọ ní ọdún méjì? Ó wọlé, ó jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáàárín itan.

Olúwarótìmí, ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ lọ́yà, ló jókòó ti bàbá rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, gbogbo yàrá sì ń gbọ́. "Bàbá, ẹ sẹ́. Ẹ ṣáà sẹ́."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ìyáàfin Olúyẹ́misí wí, "ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí? Bí ẹ bá ní ẹ̀yin kọ́, ẹ ó tọrọ àforíjì pé ẹ fi orúkọ sórí ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ ó sì fẹ̀yìntì lọ sílé yín wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, a jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ìpara yín ń pa àwọn èèyàn lára, ẹ sì ń pín in. Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ilé ẹjọ́ ló kàn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n nu iwájú orí. Ẹ̀rù bà á, gbogbo wa rí i. Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń mi orí sí i pé kó sẹ́. Sẹ̀gilọlá di ojú rẹ̀. Àdúrà tó gbà lọ́jọ́ náà, kò sí nínú ìwé àdúrà kankan. *Olúwa, má jẹ́ kí ìgbéraga ọkùnrin yìí tán lónìí. Fi sílẹ̀ fún un di ìrọ̀lẹ́.*

"Èmi..." ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ìwé náà, èmi kò..."

Àánú rẹ̀ ṣe adájọ́ náà. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Kò sí ìtìjú níbẹ̀, sà. Gbogbo àwọn tó kà á ló rí i pé iṣẹ́ náà jinlẹ̀ ju ohun tí ẹ̀yin lè dá ṣe lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé orí sókè. "Ju ohun tí ta ni lè dá ṣe?"

"Bàbá!" ni Olúwarótìmí pariwo.

"Dákẹ́ jẹ́! Ó jinlẹ̀ ju ohun tí èmi lè ṣe? Èmi Ọlálérè?" Ó ti dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́! Láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ẹnì kankan kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀!"

"Àti ibi tó ti sọ pé ìpara náà burú?"

"Èmi ni mo rí i pé ó burú! Ta ni ì bá tún rí i ní gbogbo Èkìtì?"

Olúwarótìmí fi ọwọ́ bo ojú. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì fọwọ́ sí i gàdàgbà. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó tó di aago kan, Ìyáàfin Olúyẹ́misí ti fi ọwọ́ sí ìwé kejì, pé kí wọ́n sun gbogbo ìpara náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gidi fún àwọn tó ti lò ó, bẹ̀rẹ̀ láti Ìgèdè.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ yí ojú sí ògiri, oníkálukú rí ohun tó ń wò níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá nìkan ló tọ̀ ọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú ohun tó fẹ́ sọ, kò sì sí ẹ̀gàn.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbádé wò ó, ó na ọwọ́ sí i pé kó dìde.

"Kò tọ́pẹ́," ló wí.